Àwọn ilé àti afárá olókìkí wo ni wọ́n fi irin steel kọ́?

Afárá Forth ní Scotland ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ: ọdún 1890 ni wọ́n ṣí i fún ọkọ̀ ojú irin, steel tí wọ́n sì fi kọ́ ọ lé ní 50,000 tọ́ọ̀nù. Ní ti Gateway Arch, ohun ìrántí gíga tí ó tẹ̀ bí ọrun ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, steel tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi bo ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan dé ẹ̀yìn èkejì, sì jẹ́ mítà 192 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé gogoro Eiffel, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kà mọ́ wọn, kò sí lára wọn, nítorí pé irin mìíràn tí ó rọ̀ ju steel lọ ni wọ́n fi kọ́ ọ.