Èémí ara rẹ ló ń bò ọ́ lójú

Àbúrò, o ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, gíláàsì àṣíborí rẹ á funfun báláú, o ò ní rí iwájú mọ́. O wá ń bèèrè bóyá kó o ra irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje ń lò. Má tíì náwó. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ dispatch, ìyẹn fífi ọ̀kadà gbé ẹrù fún oníbàárà, láti Yábà lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ojú mi ti rí nǹkan.

Oṣù kẹfà kan, mo gbé kéèkì ọjọ́ìbí gun Third Mainland. Òjò dé. Mo ti gíláàsì pa kí omi má bàa wọlé, kò pẹ́ rárá tó fi bò. Iná pupa ẹ̀yìn dánfó kan wà níwájú mi, mo rò pé ó ń lọ ni, àṣé ó ti dúró sínú go-slow Adéníjì. Bọ́ńpà rẹ̀ ni mo lọ bá. Orúnkún mi bó, kéèkì di ẹ̀bà, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù mi.

Èémí tó ń jáde lẹ́nu rẹ gbóná, ó sì lómi nínú. Òjò ti mú gíláàsì tutù láti ìta. Tí èémí bá kàn án, á di omi wínniwínni, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣe máa ń làágùn tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú kúlà. Èémí yẹn ni kó o kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún. Ẹ̀yin tó ń wọ awò ojú, ẹ rántí ìbòmú 2020: tí òkè rẹ̀ ò bá lẹ̀ mọ́ imú, awò á bò. Èmi máa ń ká áńkáṣíìfù, màá fi bo imú, màá fi pílásítà lẹ òkè rẹ̀ mọ́ra kí èémí lè gba ìsàlẹ̀ jáde. Ó ń rínni lẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ. Ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́, ẹ̀kán kan péré, fi ìka pa á sínú gíláàsì, jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fi aṣọ òwú tó rọ̀ nù ún títí tí o ò fi ní rí ọṣẹ mọ́. Tó bá pọ̀ jù, òógùn á wẹ̀ ẹ́ sínú ojú rẹ, wàá sunkún dé Ìdúmọ̀tà. Àràárọ̀ ni mo ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí gíláàsì bá ti ní oògùn tí kì í jẹ́ kó bò láti ilé iṣẹ́, má fi ọwọ́ kàn án. Má sì fi bẹntiróòlù nù ún láé: ọ̀rẹ́ mi kan dán an wò, gíláàsì náà sán wẹ́rẹwẹ̀rẹ bí okùn aláǹtakùn.

Ti àwọn onímọ́tò ìdíje tó o bèèrè: àwọn ọ̀rá tí wọ́n ń fà ya lójú gíláàsì lórí tẹlifíṣọ̀n, ti ìdọ̀tí àti epo ni. Èyí tó wúlò fún kùrukùru ni ike tínrín tí wọ́n ń pè ní Pinlock. Rọ́bà yí etí rẹ̀ ká, afẹ́fẹ́ há sáàárín òun àti gíláàsì, òtútù ìta kì í sì í tètè dé inú. Ó dáa gan-an, àmọ́ gíláàsì rẹ gbọ́dọ̀ ní pìnnì méjì tó máa dì í mú. Yẹ tìrẹ wò kó o tó rà á.

Nínú go-slow, ṣí gíláàsì díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kì í wọlé tí o ò bá rìn. Tó bá sì ti ń bò ní Adékúnlé, má gun bíríìjì. Dúró níbẹ̀, nù ún, jẹ́ kí oníbàárà máa pariwo lórí fóònù.