Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ọmọ Ọ̀dọ̀, Ọmọ Ìkiri àti Òfin Tó Wà Nílẹ̀

Ẹkìtì kete, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Oṣù tó kọjá la ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wa lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́, lẹ́tà tó wọlé wá pọ̀ ju àyè tá a ní lọ, àwọn kan tiẹ̀ fi tiwọn bú wa. Mẹ́rin la mú. A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni mò ń tà n'Íkéré. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, tó bá ti sùkúù dé á bá mi nu ewé, á fọ ìkòkò, nígbà míì á ru abọ́ á kiri lọ dé títì tí mọ́tò Àkúrẹ́ ń gbà. Tíṣà ẹ̀ wá ní òun máa fi mí sun ìjọba, pé ẹ̀wọ̀n wà ńbẹ̀. Ṣóòótọ́ ni? Tọ́mọ mi ò bá ràn mí lọ́wọ́, ta ló máa ràn mí lọ́wọ́? — Ìyá Ẹlẹ́kọ, Ìkéré*

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Kò sófin tó ní kọ́mọ má ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe l'Ábújá lọ́dún 2003, tí Ẹkìtì náà ti ṣe tiwọn, abala 28 nínú ẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ ẹbí ẹ̀ ló gbà á fún iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, bí iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé. Ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n pè lọ́mọdé níbẹ̀ o. Torí náà ewé nínù àti ìkòkò fífọ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín lórí ẹ̀.

Títì yẹn ló dojú ọ̀rọ̀ rú. Abala 30 ní wọn ò gbọ́dọ̀ lo ọmọ láti kiri ọjà lójú títì ńlá àti ọ̀nà márosẹ̀, kò sì yọ ìyá ọmọ sílẹ̀. Ẹrù náà ńkọ́? Abala 28 yẹn náà ò fẹ́ kí wọ́n gbé ohun tó ju agbára ọmọ lọ ka orí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí abọ́ mọ́ínmọ́ín bá ṣì kún, kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bí ọrùn ẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n tó bá fẹ́ yíjú wo mọ́tò.

Ẹ̀wọ̀n tí tíṣà ń wí, ó wà nínú ìwé lóòótọ́. Ẹni tó bá rú abala 28 lè san tó N50,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún márùn-ún, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Mi ò tíì gbọ́ ìyá ẹlẹ́kọ tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n torí ẹ̀ ṣá, kò sì wù mí kí n gbọ́. Èyí tí mo máa ń rí ni kí wọ́n máa lé àwọn ọmọ lójú títì, wọ́n á gba igbá lọ́wọ́ wọn, ọmọ á sunkún délé, tó bá dọ̀la ó ti tún jáde, torí pé kò sẹ́ni tó bá ìyá ẹ̀ sọ nǹkankan nípa owó tó máa fi ra àgbàdo. Ìyẹn ò jọ mí lójú rárá. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ gbé tábìlì síwájú ilé, kọ́mọ máa bá yín tà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó wá lọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé ẹ̀. Ẹ sì lọ rí tíṣà yẹn, ẹ má bá a jà o, ó fẹ́ràn ọmọ yín ni.

*Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ilé kan wà ládùúgbò wa l'Ádó níbí, lápá Básírì, tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń gbọ́ ìró korobá lẹ́nu kànga, àwọn ọmọ ọ̀gá ẹ̀ á wọ yúnifọ́ọ̀mù lọ sùkúù, òun á kù sílé. Mo ti rí àpá lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n má dá sí i, pé èmi àti ọkọ obìnrin yẹn la jọ ń ṣe mítìn lánlọ́ọ̀dù. Tí mo bá lọ sọ, ṣé wọ́n máa ṣe nǹkankan? — Aládùúgbò, Adó*

Àbúrò mi, tìẹ yìí ló ká mi lára jù nínú gbogbo ẹ̀. Ọmọ tó ń kiri, gbogbo ayé ló ń rí i. Èyí tó wà nínú fẹ́ǹsì, ìwọ tó o gbọ́ ìró korobá nìkan lo mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀.

Òfin tó kàn án ò ṣòro ká. Abala 28 yẹn kan náà ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi ọmọdé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé ẹbí ẹ̀. Òfin tó lòdì sí kíkó èèyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2015, tún wá le ju ìyẹn lọ: ẹni tó bá gba ọmọ tí ò tíì pé 12 sílé láti máa ṣiṣẹ́ ilé, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló kéré jù, ó lè tó ọdún méje.

Ó yá, kí ló dé tí ò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀wọ̀n ọ̀hún? Àkọ́kọ́ ná, wọ́n á ní àbúrò àwọn ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ àwọn ni, ta ló wá fẹ́ já wọn nírọ́, nígbà tí kò síwèé ọjọ́ ìbí kankan, tí ọmọ fúnra ẹ̀ ò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tún wo Òfin Iṣẹ́ tó ti wà láti 1974, ó ní ọmọ tí ò tíì pé 14 gbọ́dọ̀ máa padà sọ́dọ̀ òbí ẹ̀ lálaalẹ́, ó dáa, àmọ́ inú ìlà yẹn kan náà ló ti yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀, àwọn tó nílò ẹ̀ jù nìyẹn! Ẹni tó bá sì rú apá tó kan ọmọdé nínú òfin yẹn, N100 ni owó ìtanràn ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jù lọ. N100 o. Wọ́n tún wá pín iṣẹ́ yìí sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀, wà fún ti kíkó èèyàn ṣòwò, ọlọ́pàá wà fún gbogbo ẹ̀, o débẹ̀ tán ẹnì kìíní á ní kó o lọ rí ẹnì kejì.

Gbogbo ìyẹn náà ò tó ẹbẹ̀. Mo tẹ̀ lé ẹnì kan lọ sí tésàn kan rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. A ò tíì kọ sítétímẹ́ǹtì wa dé ìdajì tí pásítọ̀ obìnrin náà, alága lánlọ́ọ̀dù àti bàbá arúgbó kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì fi dé. Ọlọ́pàá wá bi wá pé ilé ta lọmọ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ta ló máa fún un lóúnjẹ. Ìbéèrè gidi ni, a ò sì ní ìdáhùn. Wọ́n bi ọmọ, ó wo ojú ọ̀gá ẹ̀, ó ní "ọ̀gá mi dáa." Bí wọ́n ṣe pa fáìlì dé nìyẹn.

Torí ẹ̀, má lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin yẹn o, wọ́n á gbé ọmọ yẹn pa mọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Kọ ohun tó o rí sílẹ̀, ọjọ́ tó o rí i, aago tó o gbọ́ ọ, àpá yẹn àti apá ibi tó wà. Má gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Facebook, ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n bo àṣírí òun. Pe 627, nọ́ńbà NAPTIP nìyẹn, tàbí kó o lọ sọ́dọ̀ àwọn wẹlifíà níjọba ìbílẹ̀ yín, sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó o gba orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Nígbà tó o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni kó o ti béèrè ibi tọ́mọ máa sùn, má jẹ́ kó dọjọ́ tí wọ́n á gbé e. Kó o sì kìlọ̀ fún wọn gidi pé kí wọ́n má dá a padà fún ẹni tó mú un wá s'Ádó, torí ẹni yẹn á gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, tó bá máa fi tó ọ̀sẹ̀ méjì ọmọ ti wà nílé ẹlòmíì n'Ìbàdàn.

Ní ti mítìn lánlọ́ọ̀dù, wọ́n lè má kí ẹ fún ìgbà díẹ̀. Bá mi kí ìyàwó ẹ, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀lẹ.

*Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi wá sílẹ̀ o. Oko la ti bí wa, oko la dàgbà sí, àdá ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ká tó fún mi ní sílétì, mo sì dèèyàn. Òfin òyìnbó lẹ gbé wá láti ba ọmọ wa jẹ́. — Bàbá Olóko, Ọ̀mùò*

Bàbá, ẹ kú oko o. Ẹ dèèyàn lóòótọ́, ó ṣe tán ẹ mọ̀wé kọ lẹ́tà tó fi bú wa. Ta ló fi yín sí sùkúù tẹ́ ẹ ti mọ̀wé ọ̀hún? Kì í ṣòyìnbó. Lọ́dún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dọ̀fẹ́ ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn, àwọn bàbá Ẹkìtì ló yọ ọmọ kúrò lóko lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ á kù lóko, wọ́n sì yọ wọ́n. Òyìnbó tẹ́ ẹ ń wí náà, ọdún 1833 ni wọ́n tó fòfin dè é n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọmọ tí ò tíì pé mẹ́sàn-án ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní fákìtìrì aṣọ, òfin tó wà tẹ́lẹ̀ ò sì mú ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi gba ìsípẹ́kítọ̀ tó ń wọ fákìtìrì kiri.

Kò sẹ́ni tó ní kọ́mọ yín má tẹ̀ lé yín lọ ṣa kókò lọ́jọ́ Sátidé. Oògùn kókò tí wọ́n ń gbé pọ́ǹpù ẹ̀ kọ́ ọmọ ọdún 13 léyìn láti fín, tí ò bo imú, ìyẹn la ń sọ. Ọdún 2002 ni Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́, tó lòdì sí iṣẹ́ tó lè ba ara ọmọ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti ILO wá kà á lọ́dún 2022, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 tó wà nínú iṣẹ́ tí kò yẹ wọ́n lé ní mílíọ̀nù 24 ní Nàìjíríà. Gbogbo wọn kọ́ ló máa dèèyàn bíi tiyín, bàbá.

*Mẹkáníìkì ni mí n'Ídó. Wọ́n mú ọmọ ọdún 13 wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ṣé wọ́n lè mú mi? — Ọ̀gá Mẹkáníìkì*

Ọ̀gá, ọmọ tó ti lé ní 12 tí ò sì tíì pé 16 lè kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Òfin Iṣẹ́, tí òbí ẹ̀ bá bá yín kọ ìwé àdéhùn, tí ọmọ fúnra ẹ̀ náà gbà, kó má sì ju ọdún márùn-ún lọ. Àmọ́ òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ, ní dandan ni kọ́mọ lọ sùkúù dé JSS3, nítorí náà ọ̀sán lẹ́yìn sùkúù àti ọlidé sùkúù ni kó máa fi wá, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹ má fi í sídìí máṣíìnì. Ìwé àdéhùn yẹn, òǹtẹ̀ àwọn léébà ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn l'Ádó, kẹ́ ẹ sì mú bàbá ọmọ náà dání.