Ìwádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ra, kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Àbúrò kan ní Ẹ̀pẹ́ ló bèèrè. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti rán èèyàn lọ wádìí ilé wọn torí pé rọpárọsẹ̀ mú bàbá rẹ̀, inú ń bí i, ó ní ṣebí àwọn ti ṣe jẹ́nótáìpù, òun AA, bọ̀bọ́ AS, kí ló tún kù? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè òkun wá ní kó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA methylation tó ń sọ àìsàn tó ń bọ̀, kí ẹnu ìyá lè pa.

Àbúrò mi, má bínú sí ìyá yẹn jù. Alárinà ayé àtijọ́ á bèèrè bóyá wèrè wà nílé yẹn, wárápá, ẹ̀tẹ̀ (ẹ̀tẹ̀ ò tiẹ̀ kí ń ṣe àrùn ìdílé, kòkòrò ló ń fà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í), àmọ́ ó tún máa bèèrè bí wọ́n ṣe ń gbé, ṣé ọ̀mùtí ni wọ́n, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, kò sì ní bi ẹ̀yin o, aládùúgbò yín ló máa bi. Ohun tí wọ́n bí mọ́ni àtohun tí ayé kó síni lára, méjèèjì ló ń wá.

Jẹ́nótáìpù, èyí tí wọ́n bí mọ́ni nìyẹn, kì í yí padà. Methylation ló jọ ìkejì. Àmì kékeré kan ni, kábọ́ọ̀nù kan àti háídrójìn mẹ́ta, tó ń lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn ìwé ìṣẹ̀dá tó wà nínú ara wa, kò yí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó lè ní kí apá kan dákẹ́. Ẹni tó ń mu sìgá, àmì yẹn máa ń dín kù lára jíìnì (apá kan nínú DNA) tí wọ́n ń pè ní AHRR, tó bá jáwọ́ ó á máa padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí oyún wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró nígbà ìyàn Netherlands ní 1944 sí 1945, nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà wọ́n ṣì rí ipa rẹ̀ lára jíìnì IGF2 wọn. Ní 2013 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Steve Horvath, fi àmì yẹn lójú ibi 353 lára DNA sọ ọjọ́ orí èèyàn, kò sì jìnnà sóòótọ́.

Ibi tó ti wọ́ wá nìyí: ta ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ tó ń ka àmì yẹn? Títí di 2019, nínú ìwádìí jíìnì káàkiri ayé, bíi 79% àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló jẹ́ ìran òyìnbó Yúróòpù, àwọn tí ò ju 16% èèyàn ayé lọ. Ti methylation náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn jùyẹn. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀ o, Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà á fún HapMap, iṣẹ́ ìwádìí tó fi jíìnì oríṣiríṣi èèyàn wéra, nígbà tí wọ́n sì fi wé tàwọn òyìnbó Utah l'Amẹ́ríkà, àmì yẹn yàtọ̀ níbi púpọ̀, apá kan nítorí jíìnì fúnra rẹ̀. Nígbà míì ìyàtọ̀ tó wọ́pọ̀ lára wa bọ́ sí ojú ibi tí ẹ̀rọ ń kà gan-an, á wá ka nǹkan míì. Àmì sìgá ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára oríṣiríṣi ẹ̀yà, mi ò jiyàn, àmọ́ àìsàn ọjọ́ iwájú le jùyẹn lọ.

Lọ wo àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ yín níbẹ̀, ojú wọn pọ́n koko, wọ́n ń húkọ́, etí ìró ni wọ́n fi ń nu omi ojú. AHRR yẹn, oró tó wà nínú èéfín ló ń dá lóhùn, irú oró bẹ́ẹ̀ sì wà nínú èéfín igi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi amusìgá kọ́ lè sọ pé ìyá tí ò fẹnu kan sìgá rí ń mu páálí kan lójúmọ́. Alárinà ò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yẹn, ó mọ iṣẹ́ tí ìyá ń ṣe.

Torí náà má náwó ẹ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àmì yẹn máa ń parẹ́ nígbà tí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbára jọ, kì í ṣe ohun tí wàá gbé fọ́mọ bí AS. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fa rọpárọsẹ̀, lọ wọn tìẹ, kí bọ̀bọ́ náà lọ wọn tiẹ̀. Táwọn àgbà bá dé, sọ ọjọ́ orí bàbá nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú un fún wọn, kó o sì sọ bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé àbí ó ti pa á tì.