Tí ẹ bá ń mú màmá yín lọ sí Olúmọ

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ mú màmá yín, ẹni ọdún 74, àti ọmọ méjì wá sí Abẹ́òkúta láti Èkó ní Sátidé, kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ń bèèrè ibi tó yẹ kí ẹ dé. Ibí ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti ṣe irú ìrìn yẹn pẹ̀lú màmá tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ rèé: ẹ má fi dandan lé e pé màmá gbọ́dọ̀ dé orí àpáta Olúmọ.

Lọ́jọ́ èkíní yẹn, aago méjìlá ọ̀sán ni a dé ìdí òkè. Oòrùn ti mú, àpáta ti gbóná. Èmi ni mo ń kánjú, torí mo fẹ́ ya fọ́tò màmá mi lókè téńté, kí gbogbo ẹbí rí i. Mo ń fà wọ́n lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn, a sáré kọjá níwájú ihò àpáta láìdúró. Kí a tó dé òkè, orúnkún wọn ti wú. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wo ojú wọn níbẹ̀ á mọ̀ pé ìrora ni wọ́n ń gbé mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń fi òrí wọ́ orúnkún náà, wọn ò sì bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí a padà lọ, a tètè jí. A kò ní i lọ́kàn pé màmá máa gùn ún dópin. Ibi ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun la jókòó sí. Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé ibí, abẹ́ òkúta yẹn ló sì di ìlú. Àwọn kòtò kéékèèké tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan jíjẹ ṣì wà lára àpáta. Màmá mi ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, wọ́n ń yí i bí ẹni ń lọ ata, wọ́n ní, "Ogun ń lé wọn, ọmọ sì ń sunkún ebi." Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìyá tiwọn fún mi, ìtàn tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Wákàtí kan àtààbọ̀ la lò níbẹ̀. Èmi àtàwọn ọmọ wá gòkè lọ fúngbà díẹ̀, a wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà káàkiri ìlú àti odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán, a sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn.

Lífítì wà níbẹ̀ o. Ẹ bèèrè bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó sanwó. Àmọ́ bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ibi ihò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dé. Bàtà tí kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀, pàápàá bí òjò bá ti rọ̀. Ojúbọ wà lára òkè náà, àwọn ìyá àgbà sì wà níbẹ̀: ẹ kí wọn dáadáa, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò.

Láti ibẹ̀, àdúgbò Aké ò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1898. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá mú lọ sí Aké ni pé ìlú yìí ni Àjàyí Crowther, ẹni tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, ti tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí ogun ẹrú ti yà wọ́n. Ẹ sọ ọ́ fún màmá yín, ẹ ó rí bí ojú wọn ṣe máa yí padà. Ààfin Aláké náà wà ládùúgbò yẹn. Iwájú rẹ̀ ni ẹgbẹ́ obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ olórí fún kóra jọ sí ní 1947 nítorí owó orí, Aláké sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949.

Ibi ìkàwé Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mọ́sàn dára fún àwọn ọmọ, ẹranko wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbòòrò, ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ ẹ́. Ẹ má fi kún Sátidé yìí. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ máa wọ̀, ẹ rántí pé Láderin lẹ ó ti sọ̀, ẹ ó tún wọ takisí wọ àárín ìlú.

Ọjà àdìrẹ Ìtòkú wà nítòsí Olúmọ, ṣùgbọ́n ẹ fi í ṣe ìgbẹ̀yìn, kí ẹ má baà máa ru ẹrù kiri. Ẹ yí aṣọ náà padà kí ẹ tó nájà: tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi pa á láró, aró máa wọ ẹ̀yìn bó ṣe wọ iwájú. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá ju ti iwájú lọ. Kí ẹ tún fi áńkáṣíìfù funfun tútù nù ún wò. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, òógùn ọjọ́ kan ṣoṣo sì sọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi di aró. Ẹ bèèrè oníko, èyí tí wọ́n fi ìko dì, àti ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ yàwòrán sí. Kí màmá jókòó lórí àpótí ẹni tó ń tà á, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú èyí tó bá wù wọ́n.