Sólà wo ni wọ́n ń ṣe nídìí láptọ́ọ̀pù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ní sólà lòun ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní yunifásítì, àmọ́ mi ò rí páńẹ́lì kankan lọ́wọ́ ẹ̀ rí, ìdí láptọ́ọ̀pù ló ń jókòó sí mọ́jú, epo jẹnẹrétọ̀ mi ló ń jó. Tí n bá bi í, á ní àdàlù tí ò ní tètè bàjẹ́ lòun ń wá. Ṣé kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣeré? — Ìyá Kudi elélùbọ́, Ọjà Ìpàta, Ìlọrin.

Ìdáhùn: Ìyá Kudi, kò fi yín ṣeré o. Páńẹ́lì orí òrùlé wa, sílíkọ́nì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Èyí tọ́mọ yín ń bá fà á, ó jọ pé perovskite ni, ìyẹn ẹbí èròjà kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ṣe sólà ní 2009, ìdá 3.8 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ di iná nígbà yẹn, ó ti lé ní 25 báyìí. Àmọ́ kì í tọ́jọ́, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Oríṣi kan wà, dúdú ni, ó ń gba oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sínú yàrá lásán, á di yẹ́lò, ó kú nìyẹn. Formamidinium, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí wọ́n fi ṣe é, ló tóbi ju àyè ẹ̀ lọ. Kí wọ́n fi cesium, èròjà míì, rọ́pò ẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà kéré jù, yẹ́lò lòun náà máa dà. Ẹ wá po méjèèjì pọ̀, wọ́n dúró! Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn kan máa ń po láfún mọ́ èlùbọ́ kí ọkà lè dì (mi ò ní ẹ̀yin náà ń ṣe é o).

Èló la máa pò mọ́ èló, ibo lèwo máa jókòó sí? Tí àyè bá jẹ́ 12 péré, tí wọ́n pín in ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀nà 924 ló wà. Ta ló fẹ́ ro ìkòkò ọkà 924? Kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ro ó: á ṣírò agbára inú àdàlù kọ̀ọ̀kan, á fi wé ti àwọn èròjà tó bá dá wà, tó bá fi ga jù, wọ́n máa pínyà bí omi àti epo pupa. Àmọ́ ìṣirò yẹn, inú òtútù 273 nísàlẹ̀ òdo ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹ wá wo Ìlọrin lóṣù kẹta, torí náà ó gbọ́dọ̀ ṣírò ti ooru kún un, ooru gan-an sì máa ń bá àdàlù dì mọ́ra. Àdàlù iodine àti bromine, èròjà méjì míì tí wọ́n ń pò sínú perovskite, tiẹ̀ tún burú, ìmọ́lẹ̀ ló ń tú u ká.

Ní ti epo yín, ẹ bi í bóyá láptọ́ọ̀pù yẹn ló ń ṣírò tàbí kọ̀ǹpútà ńlá níbòmíì ló ń rán an sí. Tó bá jẹ́ pé ó ń rán an ni, kó rán an tán, kó pa jẹnẹrétọ̀, kó lọ sùn.