Kì í ṣe ìrora ni kó o máa wò, agbára ni

Àbúrò, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní látìgbà tẹ́ ẹ ti gun Olúmọ tẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni itan ti ń ro ẹ́, ẹ̀yìn ojúgun náà ń fò fìrìfìrì tó o bá ti dùbúlẹ̀, lo bá lọ bi Google, Google ní ALS ni, àìsàn tó ń ba àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sára jẹ́, èyí tó ṣe Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo mọ irú òru yẹn jàre. Èmi tí mò ń rẹ aṣọ n'Ítòkú, apá ni tèmi, à ń fún aṣọ tútù látàárọ̀ dalẹ́ torí ọdún Lísàbí, nígbà tó yá apá ń ro mí gógó, ó tún ń fò, mo ti ń ronú ẹni tó máa bá mi tọ́ àwọn ọmọ.

Dókítà tí mo padà rí ò tiẹ̀ bi mí nípa ìrora púpọ̀. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn, kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kí n di ọwọ́ òun mú pinpin, ó fi hámà kékeré gbá mi lórúnkún. Ó ní ALS kì í sábà fi ìrora bẹ̀rẹ̀, agbára ló máa ń lọ: ọwọ́ ò ní lè de bọ́tìnnì mọ́, ẹsẹ̀ kan á máa wọ́ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, á máa burú sí i lóṣooṣù, ẹran ibẹ̀ á sì máa rù. Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń fò lásán, àìsùn, kọfí àti ẹ̀rù gan-an máa ń fà á.

Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn ló sì ń ba itan jẹ́ ju gígun òkè lọ, ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ìrora ẹ̀ máa ń le jù, ó yẹ kó ti rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé ò ń jókòó-dìde níwájú dígí láràárọ̀ kó o lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ti ń rọ, ìgbà wo ló fẹ́ sinmi? Jọ̀ọ́, fi sílẹ̀.

Tí ìtọ̀ ẹ bá dú bíi Kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, sáré lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kíndìnrín lè bá a lọ. Tí ẹsẹ̀ bá kọ iṣẹ́ lóòótọ́, lọ, má dúró. Tó o bá sì débẹ̀ má bẹ̀rẹ̀ látorí ALS o, ohun tí ẹsẹ̀ ò lè ṣe mọ́ ni kó o sọ, tí ò bá sí, sọ fún wọn pé o ò rí oorun sùn.