Aisha Muhammad méjì ní wọ́ọ̀dù kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ béèrè bóyá ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ rà fún ilé ìwòsàn yín ní Mararaba yóò mú àṣìṣe oògùn kúrò pátápátá. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, láti Kano títí dé Kubwa níbí, àṣìṣe tó sì dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe é.

Obìnrin méjì ló wà ní wọ́ọ̀dù wa lálẹ́ ọjọ́ náà tí wọ́n ń jẹ́ Aisha Muhammad, èyí tí kò lè ya ẹnikẹ́ni tó ti gbé Òkè Ọya lẹ́nu. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan náà ni ọjọ́ ìbí àwọn méjèèjì nínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé kò sí èyí tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹni tó ń gba orúkọ sílẹ̀ sì ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi ọjọ́ yẹn dí àlàfo. Ara ọ̀kan nínú wọn kì í gba pẹnisílínì, a sì ti fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀. Mo tẹ orúkọ, méjì jáde tẹ̀lé ara wọn, mo ṣí ti òkè, mo rí ampicillin, tó jẹ́ irú pẹnisílínì kan, mo fa abẹ́rẹ́, mo dé ìdí ibùsùn, mo sì fi èdè Hausa béèrè pé, “Ke ce Aisha Muhammad?”, ìyẹn ni pé, “Ṣé ìwọ ni Aisha Muhammad?” Ó ní òun ni. Kò purọ́. Láìpẹ́ ètè rẹ̀ wú, èémí sì ń há a. Ọlọ́run ló ṣàánú wa tí abẹ́rẹ́ adrenaline tí a fi ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là wà nítòsí, ó sì yè é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti ọdún 2007 pé ó kéré tán ohun méjì ni kí a máa fi dá aláìsàn mọ̀, kí nọ́ńbà yàrá má sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èmi náà rò pé mo ní méjì lọ́wọ́, orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Nígbà tí a ń lo káàdì, a máa ń mọ ti Aisha kan yàtọ̀ sí ti èkejì, bó jẹ́ nípa ọwọ́ ìkọ̀wé tàbí àbàwọ́n tíì pàápàá, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ló jọra lójú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú bákóòdù sára okùn tí ẹ máa so mọ́ ọn lọ́wọ́, kí nọ́ọ̀sì má sì fún ẹnikẹ́ni lóògùn láì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka okùn náà. Kí wọ́n sì máa béèrè pé “Kí ni orúkọ yín?”, kí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí àwa Yorùbá má sì rẹ́rìn-ín o: Táíwò àti Kẹ́hìndé ń kọ́? Orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ìyá wọn, ọ̀kan náà ni.

Kọ̀ǹpútà wúlò púpọ̀ níbi tí ìkọ̀wé ẹ̀yin dókítà ti ń dà wá láàmú, ẹ má bínú. Mo ti rí insulin 10U, ìyẹn yúníìtì mẹ́wàá, tí ẹnì kan ka U rẹ̀ sí òdo, tó sì di 100. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ “chlorp”, chlorpropamide tó wà fún àtọ̀gbẹ àti chlorpromazine tó wà fún àrùn ọpọlọ yóò jáde pọ̀, ìka sì lè ṣì tẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí: chlorproPAMIDE, chlorproMAZINE. Ẹ má sì jẹ́ kí ìkìlọ̀ pọ̀ jù, torí bí ó bá ń dún lórí gbogbo oògùn, a óò kàn máa tẹ̀ ẹ́ kúrò láì kà á ni. Ní ti iná mànàmáná tó lè lọ nígbàkigbà, ẹ tọ́jú ìwé sí wọ́ọ̀dù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi orúkọ Aisha Muhammad méjì tí ọjọ́ ìbí wọn jẹ́ ọ̀kan náà sínú rẹ̀ lójú yín, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe.